Ta ló pa John Bell? Ìdáhùn sí ìbéèrè lórí fíìmù An American Haunting

Ìbéèrè: "Èmi àti àwọn ọmọ mi méjì tí wọ́n ti bàlágà jókòó wo fíìmù An American Haunting. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, pé nínú gbogbo ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí nìkan ni wọ́n ti gbà pé ẹ̀mí pa ènìyàn. Nígbà tó di ìparí, fíìmù náà yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fipá bá ọmọ rẹ̀ lò. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ mi ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí àbúrò ní kò lè jẹ́ irọ́ nígbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn, kí ni àwọn tó ṣe fíìmù fi kún un, ta ló sì pa bàbá náà?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa, fún ìbéèrè yìí, àti fún bí ẹ ṣe gbé èrò àwọn ọmọ méjèèjì kalẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ìdílé Bell gbé ayé lóòótọ́. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ àti nínú ìwé ìjọ, bàbá náà sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1820. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a gbọ́ nípa ẹ̀mí tó dà wọ́n láàmú, láti orí ìró ẹnu ọ̀nà títí dé orí ìgò májèlé, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní orísun mìíràn ju ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1894, nígbà tí ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti sin ín. Ìjọba ìpínlẹ̀ Tennessee kò fọwọ́ sí i pé ẹ̀mí pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn tí fíìmù náà fi kan bàbá ní ìparí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan láti ìgbà ayé rẹ̀. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti gbé e jáde. Ohun tó sì ká mi lára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ó wà lákọsílẹ̀ kedere, tí ilé ẹjọ́ torí rẹ̀ dá John Bell lẹ́bi, tí ìjọ rẹ̀ sì torí rẹ̀ yọ ọ́, èyí tí fíìmù náà pa ìdajì rẹ̀ mọ́ tí ó sì fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ọdún 1750 ni wọ́n bí John Bell ní North Carolina. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń ṣe, ní nǹkan bí ọdún 1804 ló sì kó Lucy ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹrú rẹ̀ lọ sí Robertson County ní àríwá Tennessee, ní agbègbè tí odò Red River gbà kọjá. Ìlú tó wà níbẹ̀ lónìí ni Adams. Ó rí ilẹ̀ ọlọ́ràá dá oko sí, ó di ẹni iyì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi Red River, ó sì bí ọmọ sí i. Elizabeth, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Betsy, ni ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Ọdún 1806 ni wọ́n bí i, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún 11 péré ni nígbà tí wọ́n ní wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù, òṣèré tó ṣe Betsy, Rachel Hurd-Wood, dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ní ìparí.

Ìwé ọdún 1894 náà sọ pé ní ọdún 1817, John Bell ń rìn nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí ó rí ẹranko àjèjì kan tó jọ ajá. Ó yìnbọn sí i, ẹranko náà sì pòórá. Láti ìgbà náà ni ìró ti bẹ̀rẹ̀ ní ara ilẹ̀kùn àti ògiri ìta, kó tó di pé ó wọ inú ilé. Àwọn ọmọ á gbọ́ bí ẹni pé eku ń rún òpó ibùsùn; wọ́n á tan àtùpà, wọn kò ní rí eku, wọn kò sì ní rí ojú eyín lára igi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹni tí nǹkan fún lọ́fun, tí aṣọ ìbora sì ń yọ kúrò lára wọn lóru bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ọwọ́ tí wọn kò rí á di irun Betsy mú, á gbá a létí tí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bàbá ní tirẹ̀ ń sọ pé ahọ́n òun le, pé ó dà bí ẹni pé wọ́n fi igi dábùú ẹnu òun, tí kò sì ní lè jẹun fún wákàtí púpọ̀. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún nǹkan bí ọdún kan kí bàbá tó lọ sọ fún aládùúgbò wọn, James Johnston, ẹni tí ó wá sùn lọ́dọ̀ wọn, tí ó kà Bíbélì tí ó sì gbàdúrà, tí wọ́n sì fa aṣọ ìbora kúrò lára òun náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Fíìmù náà lo díẹ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí dáadáa. Ìkookò dúdú ló fi rọ́pò ẹranko àjèjì náà, èyí tí mo gbà pé ó rọrùn láti fi dẹ́rù ba ènìyàn lójú àwòrán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìtàn yìí yàtọ̀ sí ìtàn iwin mìíràn ni ó dín kù jù: ẹ̀mí inú ìwé náà kì í dákẹ́. Sísọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ ti là, ó ń jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì, ó ń kọ orin ìsìn, ó ń bú èébú, ó ń tú àṣírí ẹni tó mutí yó lánàá àti ẹni tó na ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn oníwàásù méjì, James Gunn àti Sugg Fort, wàásù ní wákàtí kan náà ní ibi méjì tí ó fi nǹkan bí máìlì 13 jìnnà síra, nígbà tó sì di alẹ́, ẹ̀mí náà ka ìwàásù méjèèjì jáde pẹ̀lú ohùn ẹni tó ni í. Nígbà tí Lucy ṣàìsàn, ohùn kan náà yìí ló ń kọrin fún un, tí èso àjàrà àti èso hazelnut sì ń já bọ́ láti òkè sórí ibùsùn rẹ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹun. Ẹ̀mí tí ó kórìíra ọkọ tí ó sì fẹ́ràn ìyàwó, tí ó ń gbá ọmọ létí tí ó sì ń tọ́jú ìyá ọmọ: ó dà bíi pé ẹni tí ó jókòó sínú ilé náà tí ó mọ ọ̀rọ̀ ilé dáadáa ló ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fura sí Betsy láti ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ ẹni tí ó jẹ́, kò sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ ní òun jẹ́ ẹ̀mí ẹni tí wọ́n sin sí tòsí, pé wọ́n ti tú egungun òun ká, pé eyín òun kan sì wà lábẹ́ ilé náà. Àwọn ará ilé rántí pé lóòótọ́ ni àwọn ọmọkùnrin ti gbé egungun àgbọ̀n kan wálé láti ibojì àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n jù ú mọ́ ògiri, tí eyín kan sì já bọ́ sí àlàfo pákó. Wọ́n ṣí pákó, wọ́n fi asẹ́ jọ erùpẹ̀ abẹ́ ilé, wọn kò rí eyín. Ẹ̀mí náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń tan Jack àgbà jẹ ni. Jack ni orúkọ ìnagijẹ tó máa ń pe bàbá. Lẹ́yìn náà ó ní òun sin owó sábẹ́ òkúta kan létí ìsun omi. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi di kòtò tó jìn, wọn kò rí kọ́bọ̀, ẹ̀mí náà sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tó yá ló wá sọ pé òun jẹ́ ti Kate Batts, obìnrin aládùúgbò kan, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀mí náà ní Kate.

Ohun tí ìwé náà sọ nípa Kate Batts gan-an kò ju pé ìwà rẹ̀ ṣàjèjì sí àwọn ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ kò lágbára mọ́, òun ló ń darí oko àti ilé, ó sì ní àṣà kan: obìnrin tó bá pàdé, á tọrọ abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ẹni tó bá fún un ní abẹ́rẹ́ ti fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nínú fíìmù, obìnrin yìí ló dúró níwájú àwọn àgbà ìjọ tí ó sì fi John Bell àti ọmọ rẹ̀ gégùn-ún ní gbangba. Kò sí àkọsílẹ̀ kan tí ó sọ pé irú ìran bẹ́ẹ̀ wáyé.

Mo ń bọ̀ wá sórí ikú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1820, wọ́n bá bàbá ní ibùsùn tí kò lè jí. John ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń kó oògùn rẹ̀ sí, ó bá ìgò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tí nǹkan dúdú kan wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ìdá mẹ́ta. Ẹ̀mí náà ní òun ni òun gbé e síbẹ̀, pé òun ti fún Jack àgbà mu nígbà tó ń sùn. Wọ́n ti koríko gbígbẹ kan bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ẹnu ológbò, ológbò náà fò sókè, ó yí po, ó sì kú. Wọ́n sọ ìgò náà sínú iná, iná náà sì rú sókè pẹ̀lú ọwọ́ iná aláwọ̀ búlúù. Ní ọjọ́ kejì John Bell dákẹ́, ó jẹ́ ẹni 70 ọdún, nígbà tí wọ́n sì ń kúrò nídìí sàréè rẹ̀, ohùn náà ń kọrin ọlọ́tí lé wọn lórí.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó bá fi òwe yìí wo ọ̀rọ̀ náà á ní ẹjọ́ ti parí, nítorí pé ẹ̀mí náà ti ń ṣèlérí láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun á pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ igbe àjẹ́ fúnra rẹ̀ ni òwe náà ń bá wí. Nínú ọ̀rọ̀ John Bell, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó gbọ́ igbe ti kú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé kà. Oníṣègùn kankan kò yẹ òkú náà wò kó sì kọ ohun tó rí, ìgò náà ti jóná, ológbò náà ò lè sọ̀rọ̀. Àìsàn tí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, ahọ́n tó le, ojú tó ń gbọ̀n, àìlèjẹun fún wákàtí púpọ̀, jọ àìsàn iṣan ara tó lè mú àgbàlagbà ní ibikíbi. Bí májèlé bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, ọwọ́ ènìyàn lè gbé májèlé. N kò ní sọ fún yín pé mo mọ èyí tó pa á, nítorí kò sí ẹ̀rí tó lè gbé e ró fún ẹnikẹ́ni.

Kí àwọn ọmọ yín lè rí ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra, ẹ wo bí ìtàn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Oníwèé-ìròyìn kan ní ìlú Clarksville, Martin Van Buren Ingram, ló tẹ ìwé ọdún 1894 jáde. Ó ní ìpìlẹ̀ ìwé òun ni àkọsílẹ̀ tí Richard Williams Bell, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé náà, kọ ní ọdún 1846. Ọdún 1811 ni wọ́n bí Richard Williams. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìró àkọ́kọ́ kàn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bí òun ló bá kọ ọ́ lóòótọ́, ìrántí ọmọdé ló kọ sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó sì kú ní 1857 láì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó fi ìwé àfọwọ́kọ náà han aráyé rí. Joe Nickell, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ ipasẹ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, fi ọnà ìkọ̀wé àkọsílẹ̀ náà wé ti Ingram fúnra rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ sí pé ọwọ́ Ingram ló kọ méjèèjì.

Ohun tó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ ni èyí. Ní ọdún 1886, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ingram, ìwé ìtàn ìpínlẹ̀ Tennessee tí ilé-iṣẹ́ Goodspeed tẹ̀ jáde ya ìpínrọ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀mí ilé Bell. Ó ní ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ó ń kó ṣúgà inú abọ́, pé ó ń da wàrà nù, pé ó ń ka aṣọ kúrò lórí ibùsùn, pé ó ń gbá àwọn ọmọ létí, ó sì ń ja wọ́n léèékánná, lẹ́yìn náà á bú sẹ́rìn-ín. Ìpínrọ̀ náà kò sọ̀rọ̀ ìgò. Kò sọ pé ẹ̀mí náà pa ẹnikẹ́ni. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń kọ ìtàn ìgbéríko náà gbọ́ nípa ṣúgà àti wàrà, kó má gbọ́ pé wọ́n pa baálé ilé? Mo rò pé nígbà yẹn, apá ìtàn náà tó jẹ́ ti ìpànìyàn kò tíì gbilẹ̀ bí ó ṣe gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Ingram kọ tirẹ̀. Bákan náà ni ìtàn pé Andrew Jackson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1829, wá wo ẹ̀mí náà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ sì dúró gbagidi lójú ọ̀nà: inú ìwé Ingram ló ti wá, kò sì sí ẹ̀rí rẹ̀ nínú àwọn ìwé àti lẹ́tà Jackson.

Fún ọmọ yín tó ní ìjọba fọwọ́ sí i: ohun tó wà ni pátákó ìtàn kan tí ìpínlẹ̀ Tennessee rì mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ní Adams. Pátákó náà sọ pé oko John Bell wà ní àríwá ibẹ̀, ó sì fi kún un pé, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, ẹ̀mí kan da ìdílé rẹ̀ láàmú. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Kò sí adájọ́ kan, kò sí ìgbìmọ̀ kan, tó jókòó tó sì dá ẹ̀mí lẹ́bi ìpànìyàn. Àwọn tó ń polówó fíìmù ló fi ọ̀rọ̀ náà gun orí ìjọba.

Nísinsìnyí, ẹ̀sùn tí fíìmù fi kan bàbá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, mo sì lóye ìdí tí ẹni tó ṣe fíìmù, Courtney Solomon, fi fẹ́ kí àwọn ìyá tó bá wò ó la ojú wọn. Ẹ rántí pé ó fi ìtàn òde òní yí ti àtijọ́ ká, pẹ̀lú ìyá kan tó ń ka lẹ́tà àtijọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń pariwo lójú oorun. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀sùn yìí wọ inú ìtàn náà nígbà tí Nandor Fodor, onímọ̀ nípa èrò ọkàn, ronú lórí rẹ̀ nínú ìwé tí òun àti Hereward Carrington kọ ní ọdún 1951. Kò rí ìwé kankan, kò sì rí ẹlẹ́rìí. Ohun tó wò ni bí Betsy ṣe ń dákú, bí ẹnu bàbá rẹ̀ ṣe ń dì, àti bí ẹ̀mí náà ṣe kórìíra bàbá náà, ó sì fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ túmọ̀ wọn. Òǹkọ̀wé Brent Monahan sọ àbá náà di ìtàn àròsọ ní ọdún 1997, Solomon sì mú ìtàn àròsọ náà ṣe fíìmù tó dé sinimá Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Àbá di ìtàn àròsọ, ìtàn àròsọ di "ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́".

Betsy tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an gbé ayé pẹ́. Ó fẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joshua Gardner sọ́nà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀mí náà ń sọ ọ́ sí i létí léraléra pé, "Jọ̀wọ́, Betsy Bell, má ṣe fẹ́ Joshua Gardner," títí tí ó fi dá òrùka padà ní 1821. Ní 1824 ó fẹ́ Richard Powell, ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nílé ìwé, tí James D'Arcy ṣe nínú fíìmù. Ọdún 1888 ló kú ní Mississippi, ní ẹni ọdún 82. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹni tó ń dọ́gbọ́n fọhùn nígbà tó wà láyé, wọ́n tún fi ṣe ẹni tí bàbá rẹ̀ bà jẹ́ nígbà tí kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tó bi í ní èyíkéyìí nínú méjèèjì tó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí Solomon bá ti yí orúkọ ìdílé náà padà, n kò ní ní ẹjọ́ kankan bá a. Nígbà tí ó lo orúkọ wọn tí ó sì kọ ọ́ sí i pé òótọ́ ni, ó ti dá òkú lẹ́bi láìsí ẹ̀rí.

Ẹ̀bi tó wà lákọsílẹ̀ ni ti owó èlé. Ní ọdún 1817, ọdún kan náà tí wọ́n ní ẹ̀mí náà bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ Robertson County dá John Bell lẹ́bi pé ó gba èlé tó ju èyí tí òfin fàyè gbà lọ, nínú ọ̀rọ̀ ẹrú kan tí ó tà fún Benjamin Batts, ìbátan ọkọ Kate. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1818, ìjọ Red River yọ ọ́ kúrò láàárín wọn nítorí ìdájọ́ náà. Fíìmù náà gbà pé èlé wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé e ka iwájú ìjọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó fi ṣe ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ènìyàn tí wọ́n tà ti di ilẹ̀ oko lásán. Ẹ sì kíyè sí i pé ìjọ àtijọ́ náà pàápàá, èlé ló bí i nínú. Kò sí ẹni tó bá John Bell wí pé ó ta ènìyàn bíi tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa ẹ̀bi tó wọ ilé kan tí kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn, ẹ̀bi náà rèé, kò sì nílò kí wọ́n hun òmíràn.

Àwọn ẹrú ilé náà hàn nínú fíìmù, Chloe àti Anky, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n dúró sí, omi àti àtùpà ni wọ́n ń gbé. Nínú ìwé Ingram, Anky ní ìran tirẹ̀, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kà á. Wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀mí náà kórìíra àwọn aláwọ̀ dúdú. Lucy fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ó bá ní kí ọmọbìnrin náà lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibùsùn nínú yàrá tí àlejò kún. Nígbà tí ẹ̀mí náà dé, ó fi èébú bẹ̀rẹ̀, ó ń tutọ́, Anky sì jáde láti abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ìfófòó funfun bí itọ́ lórí àti ojú rẹ̀, ó sá jáde pẹ̀lú igbe. Ìwé náà sọ ọ́ bí àwàdà. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ìwé náà fi Lucy hàn bí ìyá onínúure tí ẹ̀mí pàápàá fẹ́ràn, Sissy Spacek sì ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ojú tó ń káàánú; ṣùgbọ́n onínúure náà ló rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sábẹ́ ibùsùn láti fi dán ẹ̀mí wò. Ẹrú mìíràn wà, Dean, tí ó ń sọ ìtàn bí ẹ̀mí náà ṣe ń yọ sí òun lójú ọ̀nà ní àwọ̀ ajá dúdú nígbà tí ó bá ń lọ wo ìyàwó rẹ̀ ní oko mìíràn lóru. Ìyàwó rẹ̀ wà ní oko olówó mìíràn, ìdí tí ó fi ń rin ìrìn òru nìyẹn. Mo rò pé ẹnu àwọn bíi Dean ni púpọ̀ nínú adùn ìtàn yìí ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Bell ni wọ́n fi ń pè é.

N kò sọ gbogbo èyí kí ẹ má bàa wo fíìmù náà mọ́. Romania ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, òtútù àti igbó ibẹ̀ sì bá ìtàn náà mu. Donald Sutherland ṣe John Bell bí ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀ tí kò sì lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́, èyí tí mo gbà pé ó sún mọ́ John Bell inú ìwé ju gbogbo ohun mìíràn nínú fíìmù náà lọ. Níbi tí kámẹ́rà ti di ojú ẹ̀mí náà, tí ó ń fò káàkiri òrùlé tí ó sì ń wọ yàrá Betsy, ẹ̀rù á bà yín, ó sì yẹ kí ó bà yín. Bí ẹ bá tún wò ó, ẹ dá a dúró ní ibi ìgbẹ́jọ́ ìjọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an.

Wọ́n lè bi yín nípa ìpadàbọ̀ ẹ̀mí náà pẹ̀lú. Ìwé Ingram ní ó ṣèlérí pé òun á padà lẹ́yìn ọdún méje, pé ó sì padà ní 1828 fún ìgbà díẹ̀. Ìlérí kejì, pé á tún dé lẹ́yìn ọdún 107, tó jẹ́ 1935, wá láti inú ìwé tí dókítà Charles Bailey Bell, àrọ́mọdọ́mọ ìdílé náà, tẹ̀ jáde ní 1934, ọdún kan péré ṣáájú ọjọ́ ìlérí.

Ìwé Ingram ti pẹ́ débi pé kò ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí mọ́, ẹ lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ ní láti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fo ibi tí Ingram ti ń yin àwọn ìdílé àgbègbè náà, kí wọ́n lọ tààrà sí apá tí ó ní Richard Williams Bell ló kọ, kí wọ́n sì fi ìpínrọ̀ Goodspeed ti 1886 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n á rí i pé kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí àbúrò á rí ibi tí ìgò náà ti wọlé.